Báńkì owó àti bank odò: ṣé ọmọ ìyá ni wọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Mọ́lété, n'Ìbàdàn. À ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì karùn-ún, a wá kan gbólóhùn kan tó ní àwọn ọmọ jókòó sí bank odò, ìyẹn etí odò. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, “Tíṣà, ṣé inú odò ni wọ́n ń kó owó sí láyé àtijọ́ ni?” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi ò rí èsì gidi fún un. Mo kàn sọ pé ọ̀rọ̀ méjì tí ò bára tan ni. Nígbà tí mo dé yàrá àwọn olùkọ́, akẹgbẹ́ mi kan ní irọ́ ni mo pa fún ọmọ, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, pé etí odò làwọn òyìnbó ti kọ́kọ́ ń pààrọ̀ owó, ibẹ̀ ni báńkì ti gba orúkọ. Ta ló tọ̀nà nínú àwa méjèèjì? Kí ni kí n sì sọ fún ọmọ náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ wa, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọmọ náà lóhùn, torí ìbéèrè tirẹ̀ ló dáa jù. Kò sẹ́ni tó kó owó sínú odò. Ṣùgbọ́n ohun tó fura sí, pé ìbátan wà láàárín bank ti owó àti bank ti odò, òótọ́ ni. Ìyá kan náà ló bí wọn. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti dàgbà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà dé ilẹ̀ England, ti odò sì ti wà nílé fún nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí ti owó tó wọlé bá a. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀rọ̀ méjì ni, ẹ ò ṣìnà, bí ẹ bá ti lè yọ “tí ò bára tan” kúrò níbẹ̀. Akẹgbẹ́ yín tó ní ọ̀kan ni, òun náà rí nǹkan kan. Ìtàn pàṣípààrọ̀ owó létí odò nìkan ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, màá sì sọ ìdí rẹ̀ tí a bá débẹ̀.

Ìdílé èdè kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Germanic. Nínú rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Dutch, àti àwọn èdè tí wọ́n ń sọ ní Denmark, Norway, Sweden àti Iceland ti wá. Ìyá gbogbo wọn ò sí mọ́, àwọn tó sọ ọ́ ò sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé wọ́n kó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ jọ, wọ́n fi ọ̀kan wé èkejì, wọ́n sì fi ìró tó bára mu wá ọ̀nà padà sọ́dọ̀ ìyá. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi mọ̀ pé ìyá èdè náà ní ọ̀rọ̀ kan tí ìró rẹ̀ sún mọ́ bank, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tó yọ sókè ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ: òkìtì, pẹpẹ, ibi tí ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Báwo ni òkìtì ilẹ̀ ṣe di ìjókòó? Ibí yìí ló máa ń rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú, àwa ará Ìbàdàn la sì ní àǹfààní láti tètè lóye rẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn agboolé àtijọ́ ní Bẹẹrẹ, ní Ọjàaba, ní ìsàlẹ̀ Màpó. Níwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ óò rí pèpéle: amọ̀ tí wọ́n mọ yọ sókè mọ́ ara ògiri, tí àwọn àgbà ń jókòó lé tí ilẹ̀ bá ń tutù lọ, tí àwọn ìyá ń pàtẹ ọjà lé. Kí ni pèpéle? Ṣé òkìtì ni àbí àga? Lójú ẹni tó mọ ọ́n, amọ̀ tí wọ́n kó jọ ni. Lójú ẹni tó wá jókòó, ìjókòó ni. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí mo ń sọ yìí rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Apá kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ jogún òkìtì, apá kejì jogún ìjókòó. Bank odò jáde láti inú àwọn tó jogún òkìtì. Báńkì owó jáde láti inú àwọn tó jogún ìjókòó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ̀lé ti odò, torí òun ló ṣáájú. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, àwọn ará Denmark àti Norway wọkọ̀ ojú omi wá jagun ní England. Ogun ni wọ́n bá wá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ò padà. Wọ́n dáko, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n bímọ síbẹ̀, pàápàá ní ìlà oòrùn àti àríwá ilẹ̀ náà. Bí àwọn àti onílé ṣe ń bára wọn gbé, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń wọnú ara wọn. Lọ́dọ̀ wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí sky, ó rí egg, ó rí knife, ó rí window. Àní they tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ, lọ́wọ́ wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á. Èyí ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Èdè a máa yá orúkọ oúnjẹ, orúkọ irinṣẹ́, orúkọ oyè, ṣùgbọ́n kí èdè yá “àwọn” lọ́wọ́ àlejò, àfi kí àlejò àti onílé ti di ará ilé kan náà.

Inú ẹrù yẹn ni bank ti odò bá wọlé. Ní nǹkan bí ọdún 1200 ló hàn nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìbátan rẹ̀ ṣì wà níbi tó ti wá: ní Iceland títí dòní, bakki ni wọ́n ń pe etí odò; ní Denmark, bakke jẹ́ òkè kékeré. Torí náà, tí Gẹ̀ẹ́sì bá ní bank odò, omi kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń wò. Ilẹ̀ tó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, tó ń dá omi dúró kó má tàn kálẹ̀, ni ó ń wò.

Àwa tí a mọ Ògùnpa, ó yẹ kí èyí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò náà kún àkúnya, ó borí ilẹ̀ tó yẹ kó dá a dúró, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbé èèyàn lọ. Àwọn tó rí i kò jẹ́ gbàgbé, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Mọ́lété náà ò sì jìnnà sí ọ̀nà omi yẹn. Kọnkéré tí wọ́n fi mọ ẹ̀gbẹ́ odò náà méjèèjì láwọn ibi tó ti la ìlú kọjá, òun ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní embankment: wọ́n ṣe bank fún odò tí bank tirẹ̀ ò tó o mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rí ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, ẹ fi Ògùnpa ṣàpèjúwe fún wọn. Ẹ sì fi èyí kún un: odò ní bank ọ̀tún àti bank òsì, ẹni tó bá kọjú síbi tí omi ń ṣàn lọ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ọ̀tún odò. Àwọn ọmọ fẹ́ràn irú ìmọ̀ yìí torí wọ́n lè fi ara wọn dán an wò.

Láti inú òkìtì yìí ni àwọn ìtumọ̀ mìíràn ti yọ. Iyanrìn tó wọ́ jọ lábẹ́ òkun tó sì sọ omi di aláìjìn níbẹ̀, bank ni; Dogger Bank ní Òkun Àríwá jẹ́ ọ̀kan, àwọn apẹja ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Tí ìyá àgbà bá kó eérú bo ẹyín iná lálẹ́ kí iná má bàa kú títí ilẹ̀ á fi mọ́, Gẹ̀ẹ́sì á ní ó bank iná náà, torí òkìtì eérú ló kó lé e. Tí ọkọ̀ òfuurufú bá fẹ́ yà, tí apá rẹ̀ kan lọ sílẹ̀ tí èkejì ga sókè, bank ni ó ṣe, torí ó ti dà bí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bákan náà ni ọ̀nà ọkọ̀ tí wọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ga níbi kọ́nà kí ọkọ̀ tó ń sáré má bàa fò jáde.

Ó wá ku ti owó. Ìtàn yìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ìjọba Róòmù ti ìwọ̀ oòrùn wó ní ọ̀rúndún karùn-ún. Oríṣiríṣi ẹ̀yà tó ń sọ èdè Germanic ló wọ Ítálì lẹ́yìn náà. Àwọn Lombard, tí wọ́n wọlé ní ọdún 568, ló pẹ́ jù níbẹ̀. Orúkọ wọn ló ṣì wà lára ẹkùn Lombardy dòní. Nígbà tó yá, wọ́n pa èdè ara wọn tì, wọ́n ń sọ ti àwọn ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Germanic kan lára ọ̀pọ̀ tó ṣẹ́kù sínú èdè Ítálì ni èyí tó túmọ̀ sí ìjókòó gbọọrọ tàbí tábìlì gbọọrọ. Àwọn ará Ítálì pè é ní banco, wọ́n pè é ní banca, wọ́n sì tún ní panca. Panca ṣì ni bẹ́ńṣì ní Ítálì títí di òní. Inú yín á sì dùn sí èyí, Tíṣà: banco ni wọ́n ń pe tábìlì tí ọmọ ilé ìwé ń kọ̀wé lé.

Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹrìnlá, òwò ń gbóná ní Ítálì. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń rọ owó tirẹ̀. Florence bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó wúrà rẹ̀, florin, ní 1252. Genoa rọ tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Venice rọ ducat ní 1284. Oníṣòwò tó kó aṣọ láti ìlú kan dé èkejì kò lè fi owó tọwọ́ rẹ̀ rajà títí tó fi rí ẹni tó mọ ìwọ̀n wúrà inú owó kọ̀ọ̀kan, tó sì lè bá a ṣẹ́ ẹ. Ẹni yẹn kì í wà nínú ilé ńlá. Ojú ọjà ló máa ń jókòó sí, tábìlì rẹ̀ níwájú, òṣùwọ̀n lórí tábìlì, ìwé ìṣirò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tábìlì yẹn ni banco. Àwọn èèyàn á ní, “Mo fẹ́ lọ sídìí banco,” bí àwa ṣe ń sọ pé a fẹ́ lọ sídìí àtẹ. Díẹ̀díẹ̀, oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ onítábìlì kó lè rìn láìgbé wúrà lọ́nà tí olè wà. Onítábìlì wá rí i pé gbogbo wọn kì í wá gba owó wọn lọ́jọ́ kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá ẹlòmíràn nínú rẹ̀, ó sì ń gba èlé. Nígbà tí ìdílé Medici fi máa dá ti wọn sílẹ̀ ní Florence ní 1397, iṣẹ́ náà ti kúrò ní ti tábìlì ojú ọjà, ó ti ní ẹ̀ka láti ìlú dé ìlú. Orúkọ tábìlì ló ṣì ń jẹ́.

Orúkọ mìíràn wà tí iṣẹ́ náà ì bá jẹ́. Ní Siena, ilé owó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1472, tó sì wà títí dòní, kò jẹ́ banco nígbà náà. Monte ló jẹ́, òkè ni ìyẹn, torí owó tí wọ́n kó jọ bí òkìtì ni wọ́n ń wò. Tí monte bá borí ni, bóyá ọ̀rọ̀ òkè ni ọmọ yín ì bá máa bi yín lónìí.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì. Wọn ò gba banca lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ilé ìfowópamọ́ ní èdè wọn, láti ayé àtijọ́ títí dòní, ni trapeza, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni tábìlì. Ẹ rántí ìtàn Jésù nínú tẹ́ńpìlì, bó ṣe da tábìlì àwọn onípàṣípààrọ̀ owó dé. Trapeza ni wọ́n fi pe tábìlì yẹn nínú Ìhìn Rere lédè Gíríìkì. Nínú òwe ọ̀gá tó fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lówó, ní Lúùkù orí 19, ọ̀gá náà béèrè ìdí tí ọmọ ọ̀dọ̀ kan ò fi kó owó òun lé orí trapeza. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1611 kọ bank síbẹ̀. Wọn ò ṣi í túmọ̀. Àwọn ará Gíríìkì àti àwọn ará Ítálì jìnnà síra wọn lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n rí lójú ọjà: ọkùnrin kan, tábìlì kan, owó lórí rẹ̀.

Láti Ítálì, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, tí wọ́n ń pè é ní banque, ó sì dé inú Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn oníṣòwò láti Lombardy ti wà ní London tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Òpópónà wọn ṣì ń jẹ́ Lombard Street, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni Bank of England, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1694, wà. Ọ̀rọ̀ a máa tẹ̀lé èèyàn àti owó kiri ni. Àwa náà mọ̀ ọ́n, torí ká tó rí báńkì òyìnbó la ti ń dá èésú, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé e sọdá òkun. Susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí dòní.

A ti dé ibi tí mo ní màá dé, Tíṣà. Ìtàn tí akẹgbẹ́ yín gbọ́ dùn létí, mo sì mọ ìdí tó fi gbà á gbọ́, torí ó so odò mọ́ owó lọ́nà tó rọrùn láti rántí. Ṣùgbọ́n Ítálì ni báńkì owó ti wá, àwọn ará Ítálì kì í sì í pe etí odò ní banca. Riva tàbí sponda ni wọ́n ń pè é. Tó bá jẹ́ etí odò ló bí orúkọ náà, àwọn tó fi í ránṣẹ́ sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ì bá ti fi pe etí odò lọ́dọ̀ ara wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni méjèèjì bá pàdé lẹ́nu wọn, orí wọn nìkan sì ni ìtàn bẹ́ẹ̀ ti lè hù.

Ẹ kíyè sí i pé ọmọ kẹta wà tí a ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà: bench. Òun ò rìnrìn àjò kankan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti wà lẹ́nu àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, benc ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́. Nígbà tí bank odò dé láti àríwá, tí bank owó dé láti gúúsù, bench ni wọ́n bá nílé. Èmi rí i bí ohun ìyanu pé àwa Yorùbá yá méjì nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, báńkì lọ́tọ̀, bẹ́ńṣì lọ́tọ̀, a sì fi etí odò tiwa sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní kóòtù Ìyágankú, tí lọ́yà bá sọ pé òun ń bá “Bench” sọ̀rọ̀, adájọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀, nítorí ìjókòó adájọ́ ti di orúkọ adájọ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn ọmọ banca tún kù. Banquet jẹ́ banchetto, bẹ́ńṣì kékeré, kó tó di àsè ńlá. Mountebank jẹ́ ẹni tó gun orí bẹ́ńṣì lọ́jà kí èrò lè rí i, kó wá máa polówó oògùn tí kò wo nǹkan kan. Irú wọn ṣì ń da àwọn èèyàn wa láàmú dòní, gbohùngbohùn ló ti rọ́pò bẹ́ńṣì. Bankrupt, ẹni tí òwò rẹ̀ wó, wá láti inú banca rotta, tábìlì fífọ́. Wọ́n máa ń fi kún un pé ṣe ni àwọn aláṣẹ ń wá la tábìlì onígbèsè mọ́lẹ̀. Ẹ má fi apá yẹn kọ́ àwọn ọmọ. Rotta nínú èdè Ítálì a máa dúró fún ohunkóhun tó bá fọ́ tàbí tó bàjẹ́, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni gbé àáké. Àwọn ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ló wá tún ìkọ̀wé rẹ̀ ṣe kó lè jọ Látìn, ìdí nìyẹn tó fi ní rupt lẹ́yìn bí ti interrupt.

Nígbà tí báńkì owó ti fìdí múlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ tí kò ní owó nínú. Ní 1937, dókítà kan ní Chicago, Bernard Fantus, ṣètò ibi tí ilé ìwòsàn á ti máa tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí de aláìsàn tó bá nílò rẹ̀. Ó pè é ní blood bank, torí ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè gbà níbẹ̀. Orúkọ yẹn ló gba ayé kan, òun náà ni wọ́n ń lò ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá wa níhìn-ín. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, gene bank wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ń tọ́jú irúgbìn pamọ́ sínú òtútù kí irú wọn má bàa run. Ẹ̀wà nìkan tó wà níbẹ̀ lé ní oríṣi 15,000, kò sì síbi tí wọ́n kó ẹ̀wà jọ tó bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Ìbàdàn mọ̀ pé ìlú wọn ló wà. Tí ọ̀nà bá sì wà kí ẹ kó àwọn ọmọ kíláàsì yín débẹ̀, ẹ kó wọn lọ.

Ẹ óò wá béèrè pé tó bá jẹ́ ìyá kan ló bí wọn, kí ló dé tí ìwé atúmọ̀ èdè fi kọ bank sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó fi nọ́ńbà sí wọn lórí bí ọ̀rọ̀ mìíràn? Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà wọ èdè ni àwọn tó ń ṣe ìwé náà ń tẹ̀lé. Méjèèjì ò jọ gbé inú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìtumọ̀ kan ṣoṣo rí kí wọ́n tó pínyà, torí náà ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n blood bank àti báńkì owó wà lábẹ́ nọ́ńbà kan, torí inú Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni ọ̀kan ti bí èkejì. Àwa náà ní irú méjèèjì. Etí tí a fi ń gbọ́rọ̀ náà ni a fi ń pe etí odò, etí aṣọ, etí ìlú: ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ púpọ̀, kò sẹ́ni tó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ẹ wo kọ́: a ń kọ́ ilé, a ń kọ́ ọmọ níwèé, a ń fi aṣọ kọ́ ara ògiri. Ohùn kan náà ni, àmì kan náà ni. Ta ló lè fi ìdánilójú so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ìyá kan? Ẹ bi àwọn ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lé e lórí. Iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kan ni, wọ́n á sì mọ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣẹlẹ̀ sí èdè tiwọn náà.

Fún kíláàsì, ìtàn gígùn yìí kọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe ọmọ tó béèrè, ẹ sọ fún un lójú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín pé ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Lẹ́yìn náà ẹ sọ pé láyé àtijọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó túmọ̀ sí ohun tó yọ sókè bíi pèpéle; ilẹ̀ tó yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò mú orúkọ náà, tábìlì àwọn tó ń ṣẹ́ owó náà mú un. Ìyẹn tó fún ọmọ kíláàsì karùn-ún. Fún ìdánwò, ẹ kọ́ wọn láti wo àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Onímọ̀ èdè kan ní England, J. R. Firth, sọ ní 1957 pé àwọn tí ọ̀rọ̀ ń bá rìn la fi ń mọ̀ ọ́n, ìmọ̀ràn yẹn náà sì ni àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìtumọ̀ èdè ń tẹ̀lé. Tí ẹja, ọkọ̀ ojú omi tàbí ìkún omi bá wà nítòsí, ti odò ni. Tí èlé, gbèsè tàbí sọ̀wédowó bá wà nítòsí, ti owó ni. Ẹ kọ gbólóhùn bíi mẹ́wàá sójú pátákó, kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ fúnra wọn. Tí ẹ bá ń túmọ̀, etí odò tàbí bèbè odò ni ti àkọ́kọ́. Báńkì tàbí ilé ìfowópamọ́ ni ti èkejì.

Ẹ fi West Bank kún àwọn gbólóhùn náà, torí wọ́n ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn lójoojúmọ́. Mo ti bá àgbàlagbà pàdé tó rò pé báńkì ńlá kan ni wọ́n ń jà lé lórí ní Palestine. Ilẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn odò Jọ́dánì ni. Ìjọba Jọ́dánì, tó wà ní òdìkejì odò, ló gbà á lẹ́yìn ogun 1948, ìgbà yẹn ni orúkọ náà sì fìdí múlẹ̀, torí láti ìlà oòrùn ni wọ́n ti ń wò ó. Israel gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1967, orúkọ ò yí padà. Tí ẹ bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ, ẹ pè é ní Ìwọ̀-Oòrùn Odò Jọ́dánì.